Orúkọ Tí Mo Lọ Gbà Wá ní Ìwàrà

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn tí mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ọ̀fàtẹ̀dó, tí mò ń retí ọ̀kadà. Ọyẹ́ ń fẹ́ débi pé ètè mi ya. Nígbà náà, Ọ̀fàtẹ̀dó ò tíì kún bó ṣe kún lónìí. Ilé tuntun kan níhìn-ín, oko àgbàdo kan lọ́hùn-ún, àwa tá a kọ́lé síbẹ̀, Òṣogbo ni gbogbo wa ti ń ṣiṣẹ́ ọba, ọ̀kadà ló ń gbé wa lọ, òun náà ló ń gbé wa bọ̀. Ọkọ mi yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Dúpẹ́, ṣé lóòótọ́ lo fẹ́ lọ yọ ìyá àgbà lẹ́nu nítorí ọ̀rọ̀ ìràwọ̀?" Mo ní kó padà lọ sùn, òun kọ́ ni wọ́n rán níṣẹ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyí. Fẹ́mi, àbúrò mi kan ṣoṣo, wà ní Jàpáànì, ó ń kàwé nípa ẹ̀rọ. Ó ti pẹ́ tó ti lọ, kò sì tíì fẹsẹ̀ kan ilé rí. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó pè mí sórí tẹlifóònù Alhaja Sàfù, aládùúgbò wa, torí ilé Alhaja nìkan ni tẹlifóònù wà ládùúgbò. Ó ní àwọn ará Jàpáànì ń kan ọkọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ ta sókè ọ̀run, tí yóò máa lọ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ kan tí òyìnbó ń pè ní Máàsì. Wọ́n wá kéde pé ẹnikẹ́ni tó bá wù lè fi orúkọ ránṣẹ́, pé àwọn yóò fín gbogbo orúkọ náà sára irin pẹlẹbẹ kan, ní lẹ́tà tó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i, àwọn yóò sì so irin náà mọ́ ọkọ̀. Fẹ́mi fẹ́ fi orúkọ Màámi ránṣẹ́. Ó ní òun ò sì ní ṣe é láì gbàṣẹ lẹ́nu wọn. Ó ní kí n lọ sí Ìwàrà lọ bi wọ́n, òun á tún pè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, torí àwọn ará Jàpáànì ò ní pẹ́ dáwọ́ orúkọ gbígbà dúró.

Ó rọrùn lẹ́nu, àbí? Màámi ń bínú sí Fẹ́mi. Nígbà tí Bàámi kú, Fẹ́mi ò rí àyè wálé wá sin ín, láti ìgbà náà ni Màámi ò ti fẹ́ gbọ́ Jàpáànì sétí. Téèyàn bá ti dárúkọ ìlú náà lójú wọn, wọ́n á dìde, wọ́n á lọ wá nǹkan ṣe lẹ́yìnkùlé. Èmi mọ ohun tí àbúrò mi ń wá. Ó fẹ́ kí ìyá òun tún máa pe òun lọ́mọ. Tí wọ́n bá lọ kọ̀ láti fún un lórúkọ yìí, n ò mọ ẹnu tí n bá fi sọ ọ́ fún un lórí tẹlifóònù.

Ọ̀kadà já mi sí gáréèjì, mo sì bá bọ́ọ̀sì kékeré kan tó ń pe Iléṣà. Ogójì náírà ni wọ́n ń gbà. Mo sáré gba iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, torí mi ò lè jókòó sẹ́yìn kí wọ́n máa gbé adìyẹ lé mi lẹ́sẹ̀. Ọmọ Òṣogbo ni dẹ́rẹ́bà náà, Ráfíù lorúkọ rẹ̀, ọmọkùnrin kan tó lẹ́nu bí ẹyẹ ẹ̀gà. Bí mo ṣe jókòó ni mo rí nǹkan tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn nínú, àwọn ìlà wínníwínní kan tí kì í ṣe ti òyìnbó, tí kì í ṣe ti Lárúbáwá. Mo bi í pé kí ni wọ́n kọ.

"Àǹtí mi, mi ò mọ̀ o. Jàpáànì ni wọ́n ti kó mọ́tò yìí wá, ó ti ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún kí ó tó dọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní kí n kùn ún rẹ́, mo ní mi ò kùn ún o. Ó lè jẹ́ àdúrà ni. Ẹ ṣáà rí i pé kò tíì dá mi dúró sọ́nà rí."

Ọ̀rọ̀ Jàpáànì ti já sí mi lọ́wọ́ nìyẹn. Mo sọ ibi tí mò ń lọ fún un, àti ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkè ọ̀run tí wọ́n tìtorí ẹ̀ rán mi. Ráfíù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé òun ń wakọ̀.

"Ta ló máa wà á?"

"Kò sẹ́ni tó máa wà á. Ẹ̀rọ ni. Àwọn tó kàn án á jókòó sílé wọn, wọ́n á máa fi rédíò bá a sọ̀rọ̀ pé yà síhìn-ín, yà sọ́hùn-ún."

"Kò sí kọ̀ndọ́?"

"Kò sí."

"Kò sí èrò?"

"Orúkọ nìkan lèrò rẹ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó gbá sítíárìn. "Irú mọ́tò yẹn ló yẹ kéèyàn máa wà! Orúkọ ò ní sọ pé òun fẹ́ tọ̀ lójú ọ̀nà, orúkọ ò ní bá mi ja ìjà ṣéńjì. Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún bùrọ̀dá wa pé tó bá ti ọ̀hún dé, kí wọ́n tà á fún mi ní tòkúnbọ̀." Àwọn èrò ẹ̀yìn náà dá sí i. Ìyá kan ní ìjà ìgbéraga ni wọ́n ń bá Ọlọ́run jà. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá tún ọ̀nà Ìbòkun ṣe ná.

Òótọ́ sì ni, ọ̀nà náà ti bàjẹ́. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ̀, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ títí di ìsinsìnyí tí mò ń kọ èyí. Téèyàn bá ti ti Òṣogbo jáde, tí igbó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí òkè sì ń yọrí nínú ìkúùkù, ara mi á sọ fún mi pé mo ti ń délé. Lẹ́yìn náà ni òórùn kòkó á gbà mí nímú. Ẹ̀bá títì ni wọ́n ń sá a sí, lórí ẹní àti lórí páànù, àwọn àgbàlagbà á jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀pá láti lé ewúrẹ́. A dúró ní Ìbòkun, mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun àti ẹ̀pà. Obìnrin tó tà á fún mi bi mí bóyá mò ń lọ sí "ulé." Ulé! Inú mi dùn bí ẹni rí nǹkan he. Ilé ni ará Òṣogbo ń pè é, iyán ni wọ́n sì ń pe èyí tí àwa ń pè ní uyán. Ọdún tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ọkọ mi, àwọn àna mi á ní kí n ṣáà tún "uyán" pè, wọ́n á wá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni ahọ́n mi yí padà, mi ò mọ ọjọ́ tó yí.

Ní Iléṣà, mo ra búrẹ́dì àti sadíìnì fún Màámi, mo sì wọ mọ́tò Ìwàrà. Mọ́tò náà ti gbó débi pé mò ń wo títì láti inú ihò tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Eruku ọ̀nà yẹn, ẹ jọ̀ọ́! Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, irun mi ti pupa, ìpéǹpéjú mi ti pupa. Fẹ́mi ti sọ fún mi pé erùpẹ̀ pupa ló bo gbogbo Máàsì, pé ìdí nìyẹn tó fi ń pọ́n lójú ọ̀run, àti pé Kasei ni àwọn ará Jàpáànì ń pè é, ìyẹn ìràwọ̀ iná. Mo ní lọ́kàn mi pé tó bá jẹ́ tìtorí erùpẹ̀ pupa ni wọ́n ṣe ń náwó tó báyẹn, kí wọ́n wọ mọ́tò Ìwàrà.

Màámi ń bó obì lábẹ́ igi níwájú ilé. Mo kúnlẹ̀, wọ́n kí mi, wọ́n kí ọkọ mi, wọ́n kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbọn eruku kúrò lórí mi bí ẹni ń gbọn ẹní. Èdè Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń sọ o, èmi ni mò ń kọ ọ́ bí ará Òṣogbo ṣe máa gbọ́ ọ. A jẹun tán kí n tó mú ọ̀rọ̀ jáde.

"Màámi, Fẹ́mi ní kí n kí yín."

"Fẹ́mi wo?"

"Fẹ́mi ọmọ yín."

"Áà. Mo rò pé ó ti di ọmọ wọn lọ́hùn-ún."

Mo fàyà rán an, mo ṣàlàyé látòkè délẹ̀. Màámi ò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ìgbà tí mo parí, wọ́n ní, "Orúkọ mi? Èmi jókòó sí Ìwàrà, kí orúkọ mi máa fò kiri lójú ọ̀run? Tí wọ́n bá wá pè mí lọ́hùn-ún ńkọ́, ṣé kí n dáhùn ni, àbí kí n má dáhùn?"

"Kò sẹ́ni tó máa pè yín, Màámi. Kò séèyàn níbẹ̀."

"Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀. Sọ fún un pé orúkọ mi wà nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì tó mi." Wọ́n dìde, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Inú bí mi. Mo ti jẹ eruku láti Iléṣà, ọmọkùnrin kan ń retí mi ní òkè òkun, wọ́n wá ń ṣe bí ẹni pé mo wá ta ọjà tí wọn ò fẹ́ rà. Mo tẹ̀ lé wọn lọ sẹ́yìnkùlé, mo ní ohun tí wọ́n ń ṣe fún Fẹ́mi yẹn kò dáa, pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ pé ọ̀nà jìn. Wọ́n ní kí n bá àwọn mú garawa yẹn wá. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí oòrùn fi ń wọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ náà, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, Màámi tún gbé obì wọn. Àwọn fúnra wọn ló tún mú ọ̀rọ̀ náà wá. Wọ́n ní, "Kí ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà?"

Mo ní kò tíì lórúkọ. Fẹ́mi ti sọ fún mi pé bí àwọn èèyàn yẹn ṣe máa ń ṣe ni. Kí wọ́n tó ta ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sókè, wọn kì í sọ ọ́ lórúkọ. Àmì lásán ni wọ́n ń fi pè é níbi iṣẹ́, bí ẹni ń pe ẹrù. Ó di ìgbà tó bá gòkè tán, tí wọ́n rí i pé ó wà láàyè, tó ń dá wọn lóhùn, kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Ọwọ́ Màámi dúró lórí obì. "Wọn ò ní sọ ọ́ lórúkọ kí ó tó dáyé?"

"Wọn ò ní sọ ọ́."

"Torí ó lè má dúró."

"Torí ó lè má dúró, Màámi."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Àwọn èèyàn yẹn náà ti sunkún rí." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí lóríṣiríṣi nǹkan: ṣé yóò balẹ̀ níbẹ̀? Mo ní rárá, yíyí ni yóò máa yí Máàsì ká, láti wo afẹ́fẹ́ tó bò ó. Ṣé irin tí wọ́n kọ orúkọ sí ò ní dípẹtà? Mo ní Fẹ́mi ní kò sí òjò lọ́hùn-ún. Ṣé wọ́n á lè yọ orúkọ kan kúrò tí wọ́n bá ti fín in? Mo ní tó bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn. Wọ́n ní ó dáa, kí n lọ sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, a gbàdúrà, a kọrin. Mo fẹ́ dìde lórí ẹní, Màámi di aṣọ mi mú.

"Dúpẹ́, ìwọ kọ́ ni àkọ́bí mi."

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Ìyá Dúpẹ́ ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi àkọ́bí fìyà jẹ mí, ìwọ ni àgbà, ìwọ lo máa fún àbúrò rẹ, ìwọ lo máa ru igi.

"Obìnrin ni. Iléṣà ni mo bí i sí, ní agboolé bàbá rẹ. Ó lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún kan nígbà tí ibà gbé e lọ. Àwọn àgbà ilé gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n wọlé, kí n má wẹ̀yìn. Wọ́n lọ sin ín. Wọn ò fi ibẹ̀ hàn mí, wọn ò sì fi ibẹ̀ han bàbá rẹ. O mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, kí òbí má baà sọ ibẹ̀ di ibi ẹkún. Wọ́n sì kìlọ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ sí mi létí mọ́. Wọn ò sì dá a. Nígbà tí mo bí ìwọ, a sọ ẹ́ ní Modúpẹ́, gbogbo wọn ní mo ti gbàgbé."

Màámi gbá etí aṣọ wọn mú, wọ́n ń ká a, wọ́n ń tú u.

"Gbogbo àwọn tó mọ ibẹ̀ ló ti kú tán. Títí dòní, tí mo bá dé agboolé yẹn, mo máa ń rọra tẹlẹ̀ ni, torí mi ò mọ ibi tí mò ń tẹ̀. Sọ fún Fẹ́mi pé kí ó má kọ orúkọ mi. Orúkọ tirẹ̀ ni kí ó kọ. Mo fẹ́ mọ ibì kan tí nǹkan rẹ̀ wà, kódà bó jẹ́ òkè ọ̀run."

Wọ́n wá pe orúkọ náà. Ohùn tí wọ́n fi pè é, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu wọn rí, ohùn ọ̀dọ́ abiyamọ tó ń pe ọmọ rẹ̀ wọlé ni. "Morẹ́nikẹ́."

Mo sunkún. Mo sunkún bí ọmọdé, Màámi ló wá ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Nígbà tó rọlẹ̀, mo mú báírò jáde nínú báàgì kí n kọ ọ́ sílẹ̀, Màámi gbá ọwọ́ mi. "Ẹnu ni kí o fi gbé e lọ. Jẹ́ kí Fẹ́mi gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

"Kí ni kí n sọ fún Fẹ́mi nípa tirẹ̀, Màámi?"

"Sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kí i. Sọ fún un pé ó ṣe ọmọ fún mi."

Nínú mọ́tò Ìwàrà, mò ń pe orúkọ náà lábẹ́lẹ̀, bí ẹni tí wọ́n rán lọ ra nǹkan tó ń bẹ̀rù kó má gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ ni, ta ló lè gbàgbé? Ní Iléṣà, mo ní kí n ya agboolé wa, mo dé ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, ẹsẹ̀ mi ò gbà á. Mo dúró níta, mo wo gbogbo ilẹ̀ yẹn, ibi tá a ti gbá bọ́ọ̀lù, ibi tá a ti jó nígbà Kérésì. Mo padà sí gáréèjì. Orí bá mi ṣe é, ta ni mo bá lórí ìlà bí kò ṣe Ráfíù.

"Àǹtí mi! Ṣé ìyá yín gbà?"

"Wọ́n gbà, Ráfíù."

"Alihamudulilahi! Ẹ ò wá dunnú?"

Mo ní inú mi dùn. Ó wojú mi lẹ́ẹ̀kan, kò sì bèèrè nǹkan mìíràn. Nígbà tí a dé Òṣogbo, ó ní kí n má tíì sọ̀ kalẹ̀, ó já àwọn èrò yòókù sí gáréèjì, ó sì gbé mi dé ẹnu títì Ọ̀fàtẹ̀dó láì bèèrè owó.

Mi ò tíì bọ́ bàtà tán tí Alhaja Sàfù fi ránṣẹ́ pè mí. Mo sáré dé pálọ̀ wọn. Tẹlifóònù náà ń hó bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù, ohùn Fẹ́mi sì jìn nínú rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ kú ìrìn. Ṣé wọ́n gbà?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo mọ̀ pé tẹlifóònù wọ́n, mi ò fo nǹkan kan. Mo sọ ti ibà, mo sọ ti ilẹ̀ tí Màámi ń rọra tẹ̀. Mo wá pe orúkọ náà bí Màámi ṣe pè é. Mo ní, "Fẹ́mi? Fẹ́mi, ṣé o ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pè."

"Morẹ́nikẹ́."

"Ẹ tún un pè, Àǹtí mi."

Mo tún un pè. Alhaja, tí wọ́n ń ṣe bí ẹni pé àwọn ò gbọ́, ti fa gèlè bojú. Mo sọ fún Fẹ́mi pé Màámi ní ó ṣe ọmọ fún àwọn, ó sì ń pe orúkọ náà fúnra rẹ̀ títí tí ìlà fi já.

Ìrìn àjò náà ò ju Òṣogbo sí Ìwàrà lọ, ọ̀nà tí mo ti rìn láìmọye ìgbà. Mo ti rò pé mo mọ ilé wa tán. Àṣé mi ò mọ iye ọmọ tí ìyá mi bí, àfi ìgbà tí àwọn ará Jàpáànì bá wa dá sí i. Mo ti bínú sí àwọn àgbà ilé yẹn, inú mi sì ti rọ̀ sí wọn, torí àánú ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe. Fẹ́mi fi orúkọ náà ránṣẹ́, ó sì wálé ní Kérésì tó tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n ta ọkọ̀ náà sókè, ó gòkè láyọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ: Nozomi, tó túmọ̀ sí ìrètí ní èdè wọn. Láti ìgbà náà, Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó síta ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa wo ojú ọ̀run.

Ọkọ̀ náà ò bọ́ sípò o. Epo rẹ̀ ṣòfò lójú ọ̀nà, nǹkan kan tún bàjẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n tún un ṣe títí. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Fẹ́mi ní ó dé ẹ̀gbẹ́ Máàsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò rí agbára dúró tì í, ó sì kọjá lọ, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Èmi ni mo tún gba ọ̀nà Ìwàrà lọ láti lọ sọ fún Màámi. Mo ti ronú gbogbo ọ̀rọ̀ ìtùnú tí mo fẹ́ sọ.

Màámi ní, "Ṣé ó jábọ́ ni?"

Mo ní kò jábọ́. Mo ní ó ń lọ yí oòrùn ká, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa lọ.

Wọ́n ní, "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn ni nígbà tó kú. Ẹ jẹ́ kí ó máa rìn."